Ohun Tí Owó Yín Ń Rà Ní Ilé Unagi

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìjókòó o. Irú ilé oúnjẹ kan wà ní Japan tó jẹ́ pé ẹja kan ṣoṣo ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Unagi ni wọ́n ń pe ẹja náà. Ó gùn, ó ń yọ̀ lọ́wọ́, ó rí bí ejò. Orí èédú ni wọ́n ti ń sun ún, orí ìrẹsì gbígbóná ni wọ́n sì ń tẹ́ ẹ sí. Ohun méjì ni àwọn àlejò tó bá débẹ̀ máa ń ráhùn lé lórí: ó wọ́n, wọ́n sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó gbé e wá. Òótọ́ ni méjèèjì. Àmọ́ ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé ìdáná kò ní ráhùn nítorí ìdúró yẹn mọ́, torí pé ìdúró gan-an wà lára ohun tó ń rà. Ilé unagi tó bá gbé oúnjẹ dé iwájú yín láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n ti sun ẹja yẹn kí ẹ tó kúrò nílé.

Ká kọ́kọ́ mọ ẹja náà. Odò ló ti ń dàgbà, ṣùgbọ́n inú òkun ni wọ́n ti ń yé e, lápá ìwọ̀ oòrùn àwọn erékùṣù Mariana, kò jìnnà sí Guam. Ọdún 2009 ni àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Tokyo tó rí ẹyin rẹ̀ he nínú òkun yẹn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọmọ rẹ̀ á bá ìṣàn òkun rìn títí dé etíkun Japan, ara rẹ̀ á mọ́ gaara bíi dígí. Láti ìgbà òtútù títí wọ ìgbà ìrúwé, àwọn apẹja á gbé iná lọ sí ẹnu odò lóru, wọ́n á fi àwọ̀n kékeré bù wọ́n, wọ́n á tà wọ́n fún àwọn tó ń sin ẹja. Ẹkùn Kagoshima ni wọ́n ti ń sìn ín jù, ẹkùn Aichi ló tẹ̀lé e. Nínú ọgọ́rùn-ún unagi tí wọ́n ń jẹ ní Japan, ó ju 99 lọ tó jẹ́ pé inú adágún ni wọ́n ti sìn ín. Tí ẹ bá rí “tennen” lórí ìwé oúnjẹ, ti odò nìyẹn, ẹ kọ́kọ́ wo iye tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó lanu.

Àwọn olùwádìí ìjọba Japan ti mú kí unagi tí wọ́n sìn fúnra wọn yé ẹyin, kí ẹyin náà sì pa, láti ọdún 2010. Síbẹ̀, ọmọ tí wọ́n ń kó lẹ́nu odò ni òwò yìí ṣì dúró lé, ọmọ yẹn sì ti ń dín kù gidi gan-an. Ní ọdún 1963, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 232 ni wọ́n kó ní Japan. Ní ọdún 2019, kò pé tọ́ọ̀nù mẹ́rin. Ní ọdún 2014, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò àwọn ẹ̀dá, kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu àkúrun. Ibi tí ọ̀wọ́n yẹn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Owó ilé àti owó òṣìṣẹ́ kàn ń gun orí rẹ̀ ni.

Àwọn tó ń sin ẹja kì í tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lásán. Iye tó máa pé kílò kan ni wọ́n ń wò. Èyí tí márùn-ún rẹ̀ pé kílò kan, gíráàmù 200 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí mẹ́rin rẹ̀ pé kílò kan, gíráàmù 250. Ìwọ̀n méjèèjì yìí ni ilé oúnjẹ fẹ́ràn jù. Tí ẹja bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, awọ rẹ̀ á nípọn, egungun wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ á le, sísun rẹ̀ á sì ṣòro. Nítorí náà, ẹ má rò pé èyí tó tóbi jù ló dára jù.

Ẹja tó ti adágún dé kì í wọ ilé ìdáná lọ́jọ́ tó dé. Wọ́n á kó o sínú agbọ̀n tí omi tó mọ́ ń ṣàn gbà inú rẹ̀ kọjá, wọn ò ní fún un lóúnjẹ fún bí ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí òórùn ẹrẹ̀ lè kúrò lára rẹ̀, kí ikùn rẹ̀ sì ṣófo. Ìlú Mishima ní ẹkùn Shizuoka lókìkí nítorí èyí, torí omi tó ń sun láti ìsàlẹ̀ òkè Fuji ni wọ́n ń fi ṣe é. Ilé tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí, ẹ óò mọ̀ ọ́n lẹ́nu: ẹja á máa rùn bí ìsàlẹ̀ odò, kò sì sí sọ́ọ̀sì tó lè bo òórùn náà mọ́lẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ unagi tútù ní májèlé. Tó bá kan ojú, ojú á pọ́n, á máa ta èèyàn. Iná ló ń pa á: tí ooru bá dé ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ìṣẹ́jú márùn-ún, májèlé náà ti bàjẹ́. Ìdí rèé tó fi ṣòro kí ẹ bá a ní tútù nílé tí wọ́n ti ń jẹ ẹja tútù. Ti orí èédú kò léwu kankan.

Lílà ẹja yìí ló jọ iṣẹ́ àwọn tó ń ta ẹja àrọ̀ láàyè lọ́dọ̀ tiwa, àwọn “point and kill”: ààyè ló wà títí ẹ ó fi pàṣẹ. Ẹni tó fẹ́ là á á kọ́kọ́ tì í sínú omi yìnyín kí ara rẹ̀ rọlẹ̀. Á tẹ́ ẹ sórí pákó, á gbá ìṣó nípọn kan wọ ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ mọ́ pákó, nítorí ara rẹ̀ ń yọ̀, kò sí ọwọ́ tó lè dì í mú. Ọ̀bẹ kúkúrú tí ẹnu rẹ̀ mú á wọlé lẹ́yìn orí, á gba ẹ̀gbẹ́ eegun ẹ̀yìn lọ títí dé ìrù lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ óò máa gbọ́ bí irin ṣe ń ha eegun. Ẹnu ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ là á já sí òdìkejì, torí pé odindi ni wọ́n fẹ́ tẹ́ ẹ, bí ìwé tí wọ́n ṣí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kó ìfun jáde. Ibí yìí ni ọmọṣẹ́ ti máa ń bà á jẹ́: tí òróòro bá bẹ́, ẹ̀dọ̀ ti kọjá lílò nìyẹn, ẹran tó kàn á sì korò. Wọ́n á yọ eegun ẹ̀yìn, wọ́n á fá lẹbẹ dànù. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í lò tó ìṣẹ́jú kan lórí gbogbo èyí. Ní ìlú Narita, lójú pópó tó lọ sí tẹ́ḿpìlì Shinshoji, àwọn ilé kan ń là á níwájú ìta. Ẹ lè dúró wò ó kí ẹ tó wọlé.

Ní Tokyo àti gbogbo ìlà oòrùn, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń la unagi. Ní Osaka àti agbègbè rẹ̀, ikùn ni. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ fún àlejò ni pé ìlú àwọn jagunjagun ni Tokyo láyé àtijọ́, àwọn samurai tó máa ń la ikùn ara wọn tí ìtìjú bá dé, wọn ò sì fẹ́ rí ohun tó jọ ọ́ lórí pákó ìdáná. Pé oníṣòwò ni àwọn ará Osaka ní tiwọn, ẹni tó bá sì la ikùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n jọ ń nájà kò fi nǹkan pa mọ́. Ìtàn tó dùn ni. Àlàyé tó bá iṣẹ́ mu ni pé, ẹran ẹ̀yìn nípọn, ti ikùn fẹ́lẹ́. Tí wọ́n bá là á láti ẹ̀yìn, ẹran tó nípọn ló máa wà létí méjèèjì, ó sì lè di igi tí wọ́n fi ń gún un mú. Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì fún wọn ni pé, àwọn ará ìlà oòrùn máa ń fi ooru omi sè é láàárín sísun méjì. Tí ó bá jẹ́ ti ikùn ni, etí rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ á rọ̀, á já bọ́ lórí igi.

Ọ̀nà ti Tokyo: wọ́n á gé orí kúrò, wọ́n á gé ara sí méjì, wọ́n á gún igi ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún gba àárín awọ àti ẹran kọjá. Wọ́n á sun ún láìfi nǹkan kan sí i. Wọ́n á gbé e sínú ìkòkò ooru omi fún bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ilé mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rá á yọ́, ẹran á rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rì í sínú sọ́ọ̀sì, wọ́n á sun ún, wọ́n á tún rì í, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọ̀nà ti Osaka: igi irin gígùn ni wọ́n ń lò, orí á wà lára rẹ̀ lórí iná, kò sí ooru omi rárá, orí èédú ló máa wà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ti Tokyo máa ń rọ̀ débi pé igi ìjẹun á gé e láìtẹ̀ ẹ́. Ti Osaka, awọ rẹ̀ á máa dún lẹ́nu, ọ̀rá rẹ̀ ṣì wà ńbẹ̀, èèyàn á sì lo eyín. Ààlà méjèèjì wà ní nǹkan bí agbègbè Hamamatsu, níbi tí ẹ ti lè rí oríṣi méjèèjì láàárín ìlú kan. Lójú tiwa, ẹni tó ti mọ́ lára láti máa jẹ ẹja tó gbó lórí iná á kọ́kọ́ gbádùn ti Osaka. Ti Tokyo lè dà bí ẹni pé wọ́n sè é jù, títí dìgbà tó bá jẹ ẹ̀ẹ̀kejì.

Àwọn oníṣẹ́ yìí ní ọ̀rọ̀ kan: ọdún mẹ́ta fún gígún igi, ọdún mẹ́jọ fún lílà, gbogbo ayé ẹni fún sísun. Àwọn mìíràn á ní mẹ́jọ ni ti igi, mẹ́ta ni ti lílà. Ti sísun nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í jiyàn sí. Gígún igi kì í ṣe eré ọmọdé pàápàá: tí igi bá sún mọ́ awọ jù, awọ á ya lórí iná, tó bá wà nínú ẹran jù, ẹja á já nígbà tí ooru omi bá mú un rọ̀.

Èédú tí àwọn ilé ńlá ń lò ni bincho, èédú líle tí wọ́n ń fi igi ubame sun. Ti Wakayama ló lórúkọ jù. Èéfín rẹ̀ kò pọ̀, iná rẹ̀ kì í jó fòò, ó sì máa ń pẹ́ kó tó kú. Abẹ̀bẹ̀ tó wà lọ́wọ́ asunja kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ọ̀rá unagi á máa kán sórí èédú, èéfín á sì máa rú. Díẹ̀ nínú èéfín yẹn ni adùn rẹ̀. Tí asunja bá dáwọ́ abẹ̀bẹ̀ dúró, ọ̀rá á gbiná, ṣúgà inú sọ́ọ̀sì á jóná, ẹja á dúdú, á sì korò. Nítorí náà ni ọwọ́ kan fi ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀, tí ọwọ́ kejì ń yí igi padà.

Sọ́ọ̀sì náà kò ní ohun púpọ̀ nínú. Sọ́ọ̀sì sóyà ni, pẹ̀lú mirin, ìyẹn ọtí ìrẹsì dídùn tí wọ́n fi ń se oúnjẹ. Ilé mìíràn á fi ṣúgà tàbí saké, ọtí ìrẹsì tí wọ́n ń mu, kún un, òmíràn á fi eegun àti orí tí wọ́n ti sun sí i kó lè ní ara. Wọn kì í sè é tuntun látìbẹ̀rẹ̀. Bó bá ṣe ń dín kù nínú ìkòkò ni wọ́n ń bu tuntun lé e, ẹja gbígbóná tí wọ́n ń rì sínú rẹ̀ lójoojúmọ́ sì ń fi ọ̀rá àti adùn rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń yangàn pé sọ́ọ̀sì àwọn ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún, pé àwọn bàbá àwọn gbé ìkòkò náà sá nígbà ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1923 tàbí nígbà ogun. Ẹ gbà á fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣírò iye tí wọ́n ń bù lò lóòjọ́ á rí i pé ohun tó kù nínú ti àtijọ́ kò tó ẹ̀kán kan. Iye ẹja tó ń wọ inú ìkòkò lójúmọ́ ló ń mú un dùn, ọjọ́ orí rẹ̀ kọ́.

Ẹ wá ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, lílà, gígún, sísun àkọ́kọ́, ooru omi, sọ́ọ̀sì. Ilé tó bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ pàṣẹ, ìṣẹ́jú ogójì sí wákàtí kan ni. Kì í ṣe gbogbo ilé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ ká torí ẹ̀ bú wọn. Ọ̀pọ̀ ilé tó dára máa ń la ẹja láàárọ̀, wọ́n á sun ún, wọ́n á sè é nínú ooru omi, wọ́n á wá fi sọ́ọ̀sì parí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá dé. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún nìyẹn. Oúnjẹ náà á dára tó bá jẹ́ tòní ni. Tàná tí wọ́n tún gbóná ni kò dára: awọ rẹ̀ á máa fà bí ẹ bá ń jẹ ẹ́.

Tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ pè wọ́n ṣáájú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ṣí láago mọ́kànlá àárọ̀, wọ́n á tì láago méjì, wọ́n á tún ṣí láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ títí di nǹkan bí aago mẹ́jọ. Tí ẹja ọjọ́ náà bá tán, ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn, aago kan ìbáà jẹ́. Ẹ sọ iye èèyàn tó ń bọ̀, ẹ sì sọ ohun tí ẹ máa jẹ, kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ mú owó lọ́wọ́, torí àwọn ilé àtijọ́ mìíràn kì í gba káàdì. Níbi tí wọ́n bá tẹ́ ẹní tatami sí, ẹ bọ́ bàtà. Ìbọ̀sẹ̀ tó lu kò yẹni níbẹ̀.

Orúkọ tí ẹ óò rí lórí ìwé: unaju ni èyí tó wà nínú àpótí dídán onídèérí, unadon ni èyí tó wà nínú abọ́. Ohun kan náà ni, àmọ́ ti àpótí ló máa ń wọ́n jù. Kabayaki ni ẹja olósọ́ọ̀sì tí wọ́n gbé wá láìsí ìrẹsì. Shirayaki ni èyí tí kò ní sọ́ọ̀sì rárá, iyọ̀ tàbí sọ́ọ̀sì sóyà àti wasabi, gbòǹgbò lílọ̀ aláwọ̀ ewé tó ń ta lẹ́nu, ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ilé kan ṣe mọṣẹ́ sí, shirayaki ni kí ẹ tọ́ wò, torí kò sí ibi tí wọ́n lè fi àṣìṣe pa mọ́ sí.

Ẹ̀yin tó fẹ́ràn láti máa yan èyí tó ga jù, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ẹ óò rí ìpele mẹ́ta: matsu, take, ume. Níbi púpọ̀, matsu ló wọ́n jù, ume ló sì rọjú jù. Àlejò á rò pé ẹja matsu ló dára jù. Rárá o. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ẹja kan náà ni, ọwọ́ kan náà ló sun ún, iye ẹja tó wà lórí ìrẹsì ló yàtọ̀. Ume lè jẹ́ ìlàjì ẹja, take ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, matsu odindi kan. Ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó yàn. Ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí, take tó o. Ní Tokyo, unaju máa ń wà láàárín yen 3,000 sí 7,000 nílé tó mọṣẹ́. Ẹ wò ó bóyá ọbẹ̀ kimosui wà nínú owó yẹn. Níbòmíràn ẹ óò fi owó díẹ̀ lé e. Omi ọbẹ̀ tó mọ́ ni, ìfun àti ẹ̀dọ̀ unagi wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Jíjẹ ni wọ́n ń jẹ ẹ́, ẹ má fi sílẹ̀ bí eegun.

Nígbà tí ẹ bá ń dúró, ẹ lè ní kí wọ́n gbé nǹkan kékeré wá: umaki, ìyẹn ẹyin dídín tí wọ́n ká unagi sí nínú, uzaku, unagi àti kùkúńbà nínú fínégà, eegun ẹ̀yìn tí wọ́n dín gbẹ. Ẹ̀dọ̀ tí wọ́n gún mọ́ igi sun máa ń tán kíá, nítorí ẹ̀dọ̀ kan péré ló wà nínú ẹja kan, ẹja bíi mélòó kan ni wọ́n sì máa là kí igi kan tó kún. Ẹ má jẹun yó o. Ẹ má sì pe òṣìṣẹ́ pé “ṣé kò tíì jinná?” Àwọn ará Tokyo gbà pé ẹni tó ń kán asunja lójú kò mọ oúnjẹ jẹ.

Ó dé wàyí. Ẹ ṣí ìdérí, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ wo ojú rẹ̀: ó yẹ kó máa dán, kó pọ́n bí igi tí wọ́n fi ọ̀dà kùn, kí iná ti fọwọ́ bà á níhìn-ín lọ́hùn-ún láìjó o dúdú. Ẹ fi igi ìjẹun gé e láti igun òsì tó sún mọ́ yín, ẹja àti ìrẹsì papọ̀, kó má ṣe jẹ́ pé ẹ ó jẹ ẹja tán, ìrẹsì á ṣẹ́kù. Ìrẹsì tó dára níbẹ̀ le díẹ̀. Sọ́ọ̀sì á dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó kó jọ síbẹ̀ bí omi. Òkèlè àkọ́kọ́, ẹ má fi nǹkan kan sí i.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ mú sansho, ìyẹfun aláwọ̀ ewé inú ìgò kékeré orí tábìlì. Ìbátan orín àtà wa ni igi tí wọ́n ń rí i lára rẹ̀, ìdílé Zanthoxylum ni àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá ti rin orín àtà rí á mọ bó ṣe ń mú ahọ́n kú tìpìrì. Ìwọ̀nba tí ìka méjì lè ṣà ti tó. Òórùn rẹ̀ ń gé ọ̀rá lẹ́nu. Tó bá pọ̀ jù, ẹ ò ní mọ adùn nǹkan kan mọ́ títí ẹ ó fi tán an. Àwọn kan á ṣí ẹja sókè, wọ́n á fi sí orí ìrẹsì lábẹ́ rẹ̀ kó má baà bo òórùn èédú. Ìyẹn náà dára. Ẹ̀fọ́ oníyọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wà fún fífọ ẹnu láàárín òkèlè. Sọ́ọ̀sì tó wà lórí tábìlì, ẹ má dà á ṣàn. Ẹ yára ya fọ́tò, nítorí bí ó bá tutù, ọ̀rá á dì, ìrẹsì á sì lẹ̀.

Nagoya ní tirẹ̀ yàtọ̀. Hitsumabushi ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Ilé Atsuta Horaiken, tó ti wà láti ọdún 1873, ló lókìkí jù fún un. Wọn kì í fi ooru omi sè é, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́ sórí ìrẹsì nínú abọ́ igi. Wọ́n á fún yín ní ṣíbí pẹlẹbẹ kan. Ẹ fi pín in sí mẹ́rin. Ẹ bu ìdá kìíní sínú abọ́ kékeré, ẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdá kejì, ẹ fi àlùbọ́sà eléwé, ewé òkun nori àti wasabi sí i. Ìdá kẹta, ẹ tún fi àwọn nǹkan wọ̀nyẹn sí i, kí ẹ wá da omi ọbẹ̀ gbígbóná lé e. Ìdá kẹrin, èyí tó bá wù yín jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àṣìṣe tí àlejò máa ń ṣe ni pé wọ́n á da omi ọbẹ̀ sínú abọ́ igi ńlá. Gbogbo rẹ̀ á rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó tán.

Ní Yanagawa, ẹkùn Fukuoka, wọ́n á po ìrẹsì mọ́ sọ́ọ̀sì, wọ́n á gbé unagi sísun lé e, wọ́n á fi gbogbo rẹ̀ sínú àpótí ooru omi, wọ́n á wá fi ẹyin tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́ sórí rẹ̀. Ilé Motoyoshiya níbẹ̀ ti wà láti ọdún 1681. Kì í tètè tutù bíi ti Tokyo, ó sì máa ń jó ẹnu.

Ọjọ́ tí kò yẹ kí ẹ lọ ni ọjọ́ màlúù ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Orúkọ ẹranko méjìlá ni wọ́n fi ń ka ọjọ́, torí náà ọjọ́ màlúù máa ń padà wá ní ọjọ́ méjìlá-méjìlá, èyí tó bá bọ́ sí bí ọjọ́ méjìdínlógún tó ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìwọ́wé lórí kàlẹ́ńdà wọn ni ọjọ́ unagi. Ọdún 2025 ní méjì, 19 àti 31 oṣù Keje. Ọdún 2026 ní ẹyọ kan, 26 oṣù Keje. Wọ́n ní Hiraga Gennai, ọ̀mọ̀wé kan tó kú ní ọdún 1780, ló gba onílé unagi kan nímọ̀ràn láti kọ ọ́ síta pé ọjọ́ màlúù nìyí, nígbà tí ọjà rẹ̀ kò tà lẹ́ẹ̀rùn. Lọ́jọ́ náà, ìlà á gùn dé òpópónà, ọwọ́ asunja á kún jù. Unagi odò pàápàá, ìgbà ìwọ́wé ló máa ń sanra.

A gba ìbéèrè díẹ̀.

Ẹnì kan béèrè bóyá Mùsùlùmí lè jẹ ẹ́. Ẹja náà kò níṣòro, mirin inú sọ́ọ̀sì ni. Ọtí ni kí wọ́n tó sè é, saké sì lè wà níbẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò gbà á, kó béèrè shirayaki oníyọ̀, kó sì bi wọ́n bóyá wọn ò wọ́n saké sí i lórí iná.

Ẹlòmíràn béèrè nípa ẹja tí kò ní ìpẹ́, nítorí òfin ìjọ rẹ̀. Unagi ní lẹbẹ, ó sì ní ìpẹ́, ṣùgbọ́n ìpẹ́ náà kéré gan-an, abẹ́ awọ ló sì rì sí, ojú kì í rí i. Àlùfáà yín ló máa sọ bóyá ìyẹn tó.

Aboyún ńkọ́? Fítámì A pọ̀ nínú ẹran rẹ̀, ó tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹ̀dọ̀. Kí aboyún má jẹ ẹ́ léraléra, kó sì yẹra fún ẹ̀dọ̀ sísun yẹn. Kó bi dókítà rẹ̀.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn jẹ́ ti unagi tí wọ́n ti sun, tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù wé, tí wọ́n ń tà ní dídì ní àwọn ìsọ̀ ará Éṣíà ní London àti Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló wá láti Ṣáínà, sọ́ọ̀sì rẹ̀ sì máa ń dùn jù. Ẹ jẹ́ kó yọ́ tán. Ẹ fi omi gbígbóná ṣan sọ́ọ̀sì yẹn kúrò, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, ẹ dì í sínú ìwé fọ́ìlì, ẹ gbé e sínú agbada onídèérí lórí iná kékeré fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ wá ṣí i, ẹ fi sọ́ọ̀sì tuntun pa á, ẹ jẹ́ kí iná òkè ààrò fọwọ́ bà á fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ẹ sì dúró tì í, nítorí ṣúgà rẹ̀ kì í pẹ́ jóná. Ẹ má tì í sínú máíkírówéfù láìbò ó: awọ rẹ̀ á le, eyín ò ní ràn án.